Ẹja Inú Garawa

Láàárọ̀ ọjọ́ Àfihàn Iṣẹ́ Ọwọ́ ní Ifangni, ìlú wa tó wà lẹ́bàá ibodè Nàìjíríà, inú Ògúndípẹ̀ dùn débi pé ó ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ bàtà òsì, ó rìn yí àgbàlá ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò mọ̀.

Onípáànù ni Ògúndípẹ̀. Agolo tòmáàtì tí ẹlòmíràn bá jù nù, lọ́wọ́ tirẹ̀ a di àtùpà. Agolo mílíìkì a di ife. Páànù òrùlé tó ti dógùn-ún a di ohun tí àwọn obìnrin fi ń rin gbágùúdá. Ó máa ń sọ pé, "Kò sí ohun tó ń jẹ́ ìdọ̀tí láyé yìí. Ohun tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ mi ló wà."

Àsìkò Révolution, ìjọba ìyípadà àwọn ológun, ni nígbà náà, tí gbogbo wa di kámáráàdì ara wa, tí wọ́n ń pariwo létí wa pé ká gbára lé ọwọ́ ara wa, ká yé retí ohun tí òyìnbó máa kó wá. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ní kí ìlú kọ̀ọ̀kan gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jáde. Banigbé ń gbé ẹní bọ̀. Daagbé ń ru agbọ̀n bọ̀. Ti Ifangni ni páànù, ti páànù sì ni Ògúndípẹ̀. Ẹ̀bùn ẹni tó bá gbégbá orókè ni àgbò funfun kan tó sanra bí ọ̀gá ibodè.

Ohun tí Ògúndípẹ̀ ṣe, ẹni tó bá rí i á ya ẹnu. Àmù páànù ni, ó ga tó èèyàn. Nínú garawa márùn-ún tó rà, ó gé mẹ́rin, ó ha ọ̀dà ara wọn kúrò, ó sì jó wọn pọ̀. Ẹnu ẹ̀rọ omi mẹ́ta ló wà níkùn rẹ̀, ìràwọ̀ pupa sì wà lórí rẹ̀ bíi fìlà. Omi inú rẹ̀ á tó gbogbo èrò àfihàn mu.

Sìdíkátù, ìyàwó rẹ̀, tó ń ta ẹja yíyan lọ́jà, ki imú bọ ẹnu àmù náà. Ó yọ imú kíá.

"Bàbá Véronique, kí lẹ ní ó wà nínú garawa yìí tẹ́lẹ̀?"

"Ẹja."

"Ẹja wo?"

"Ẹja òyìnbó, ẹja inú òróró! Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti sọ ọ́ fún ọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, ogún ọdún ni mo ti ń ta ẹja. Mo mọ òórùn ṣàwá, mo mọ òórùn àrọ̀. Mo mọ òórùn èyí tó ti bàjẹ́ láti àná tí mò ń búra pé tòní ni. Èyí kì í ṣe ẹja. Ó ń rùn bí ìgbà tí aáyù àti epo àtùpà bá wọ̀yá ìjà."

Ògúndípẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó na ìka sókè bíi tíṣà. "Sìdí! Nínú àwa méjèèjì, ta ló kàwé?"

"Ẹ̀yin ni."

"Mo kà á dé ibo?"

"CE1, ọdún kẹta nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀."

"Ó dáa. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára garawa tó kù yẹn: P, O, I, S, O, N. Poisson, lédè Faransé. Ẹja! S méjì ló yẹ kó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n Nàìjíríà ni garawa náà ti wá. Ebi ló pa àwọn tó kọ ọ́, wọ́n jẹ S kan."

"Orí tí wọ́n yà síbẹ̀ ńkọ́?"

"Òyìnbó tó jẹ ẹja náà ni! O ò rí i bó ṣe ń fi gbogbo eyín rẹ́rìn-ín? Eegun ẹja méjì ló sì kù sábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ yẹn. Mo ti fi iyanrìn fọ̀ ọ́, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́. Kí ló tún kù?"

Sìdíkátù ò gbà á gbọ́ o. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá CE1 jiyàn?

Nígbà tó fi máa di aago mẹ́sàn-án, pápá ti kún. Wọ́n so àgbò ẹ̀bùn mọ́ ẹsẹ̀ àmù náà gan-an, kí gbogbo ayé lè rí méjèèjì pọ̀. Omi ń kán tó, tó, tó sínú abọ́ kan nísàlẹ̀, àgbò ń lá a láti àárọ̀ bí ẹni pé òun ló gbégbá orókè.

Kámáráàdì Augustin, délégué ìlú, ẹni tí ìjọba fi ṣe olórí wa, bọ́ sórí àga. Ọkùnrin yìí fẹ́ràn ọ̀rọ̀ bí ewúrẹ́ ṣe fẹ́ràn èèpo iṣu. Ó ti kọ́kọ́ pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi nǹkan kan ẹnu títí òun yóò fi parí.

"Prêt pour la révolution!"

"La lutte continue!" Ìjà ń bá a lọ, ni àwọn èrò fi dá a lóhùn.

Wákàtí kan kọjá. Oòrùn gùn wọ́n lórí. Gbogbo ojú wà lára ẹnu ẹ̀rọ mẹ́ta yẹn. Wákàtí méjì kọjá.

"Prêt pour la révolution!"

"La lutte…" Ohùn ti tán lọ́fun àwọn èèyàn.

Ògúndípẹ̀ rò ó pé ẹni tó se ọbẹ̀ ló ní ìtọ́wò. Ó yọ́ lọ sẹ́yìn àmù, ó bu omi kún ife, ó mu ún dé ìdajì. Ó korò díẹ̀. Ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé páànù tuntun ni.

Àfi gbìì! Àgbò dùbúlẹ̀.

Ẹ̀rín bẹ́. Ẹnì kan kígbe pé, "Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ délégué ṣe mú àgbò sùn!"

Inú bí Augustin. "Kámáráàdì àgbò, dìde!"

Kámáráàdì ò dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, itọ́ funfun ń hó lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ mú ọ̀bẹ wá! Ẹ jẹ́ ká dú u kó tó kú!" Ọ̀bẹ mẹ́rin ló jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ta ni kì í mú ọ̀bẹ lọ síbi tí àgbò bá wà?

"Ẹ má fọwọ́ kàn án!" Scholastique ni, nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ìlú, tó jókòó níwájú. "Ẹran tí májèlé bá pa, ó lè pa ẹni tó bá jẹ ẹ́." Ó gbé abọ́ abẹ́ àmù, ó gbóòórùn rẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà. "Ta ló ti mu nínú omi yìí?"

Wọ́n wo ara wọn. Délégué ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mu!

"Ẹ má tijú o! Ta ló mu ún?"

Ògúndípẹ̀ fẹ́ na ọwọ́. Ọwọ́ náà ti ń gbọ̀n fúnra rẹ̀ kó tó nà án. Òógùn bò ó, itọ́ kún ẹnu rẹ̀, orúnkún rẹ̀ yẹ̀.

Jẹ́láàní, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó máa ń ṣa òfìfo garawa tà ní Igolo, tí òun gan-an ta àwọn garawa wọ̀nyí fún un, sáré dé pẹ̀lú ìgò epo pupa. "Ẹ la ẹnu rẹ̀! Epo ń pa májèlé!"

Scholastique gba ìgò náà dànù lọ́wọ́ rẹ̀. "Epo kì í pa irú èyí, ńṣe ló máa bá a wọlé! Ẹ má sì ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì, ó lè gba ọ̀nà èémí lọ. Aṣọ tí omi yẹn bá ta sí, ẹ bọ́ ọ. Ọṣẹ àti omi kànga, ẹ fi fọ ara rẹ̀. Ilé ìwòsàn ló kàn. Kí ẹnì kan mú garawa tó bá kù nílé rẹ̀ wá, kí n rí ohun tí wọ́n kọ sí i!"

Sìdíkátù ti sáré lọ kí ó tó sọ̀rọ̀ tán.

Bí wọ́n ṣe ń gbé Ògúndípẹ̀ sórí alùpùpù, ó wá yé àwọn èrò. Ká ní ọ̀rọ̀ délégué kúrú ni, gbogbo ìlú ni ì bá wà nílẹ̀ báyìí pẹ̀lú àgbò. Ẹnì kan pàtẹ́wọ́. Gbogbo pápá gbè é. Augustin, tí ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́ fún rí láyé, ṣí fìlà, ó tẹríba.

"Ẹ ṣeun, kámáráàdì! Ó ku ojú ewé mẹ́rin."

Ní ilé ìwòsàn, abẹ́rẹ́ ń wọlé, Sìdíkátù gbé garawa karùn-ún dé. Scholastique kà á.

"Bàbá, kí lẹ rò pé wọ́n kọ síbí?"

"Ẹja," ni Ògúndípẹ̀ wí, itọ́ ń ṣàn sí i láyà.

"Poisson ni ẹja. Poison rèé, májèlé ni. S kan péré ló wà láàárín ẹja àti sàréè. Oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò oko ló wà nínú rẹ̀. Agbárí òkú sì ni orí yìí, wọ́n yà á nítorí àwọn tí ò mọ̀wé kà."

"Mo ṣáà fọ̀ ọ́."

"Ẹ lè fọ̀ ọ́ fún ọdún kan. Ó ti wọ ojú ìdè páànù lọ."

Ògúndípẹ̀ dìde jókòó lójijì. "Páànù tó ṣẹ́ kù! Mo fi rọ àrọ mẹ́fà tí àwọn elépo Banigbé fi ń da epo sígò. Mo… Sìdí, mo fi rọ ife kékeré fún ọmọ Véronique, ọmọ-ọmọ wa." Ó bú sẹ́kún. Ikú tirẹ̀ kò bà á lẹ́rù tó ìyẹn.

Sìdíkátù di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ fara balẹ̀. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gbé e fún un ni mo ti sọ fún Véronique pé kò gbọdọ̀ kan ẹnu ọmọ. Ìlẹ̀kùn ilé adìyẹ ló fi ń tì."

"O lòdì sí mi lẹ́yìn mi?"

"Mo lòdì sí yín."

"Ọlọ́run má jẹ́ kó sú ọ," ni ọkọ rẹ̀ wí. Ẹkún àti ẹ̀rín jọ ń bá a jà.

Augustin gbé gbohùngbohùn rẹ̀ lọ sí Banigbé lọ́jọ́ náà. Ó gba àrọ márùn-ún. Obìnrin tó ra ìkẹfà ní ó dán jù, òun ò ní dá a padà. Lọ́jọ́ karùn-ún, Ògúndípẹ̀ tó ti gbẹ bíi ẹja ìyàwó rẹ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn débẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ lójú ọjà, ó sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pa mọ́. Obìnrin náà jọ̀wọ́ rẹ̀. Gbogbo epo tó ti gba inú àwọn àrọ náà kọjá ni wọ́n dà sínú kòtò, ẹni tó ni ín ń wò ó, inú rẹ̀ ń bà jẹ́. Wọ́n rì àgbò mọ́lẹ̀ láìjẹ ẹ. Wọ́n lu àmù, garawa, àwọn àrọ àti ife ọmọ náà ní ihò yíká kí ẹnikẹ́ni má baà tún fi wọ́n pọn nǹkan, wọ́n sì rì wọ́n síbi tó jìnnà sí kànga.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ka ìtàn yìí, ẹ má sọ agolo yín nù. Ẹ tún un lò, iṣẹ́ ọpọlọ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ò bá mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, omi ò gbọdọ̀ kàn án, oúnjẹ ò gbọdọ̀ kàn án. Ẹni tó ń tà á, ẹ bi í léèrè. Bí kò bá mọ̀, ẹ dá a padà fún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń fín oògùn sóko, ẹ má ta òfìfo rẹ̀, ẹ má fi tọrẹ. Ẹ lu ihò sí i, ẹ rì í mọ́lẹ̀. Ẹni tí òfìfo garawa bá pa, kò sí agbára ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó lè tún un rọ.