Ẹ̀rọ Tí Kò Gba Ẹnu Ọ̀nà

Nígbà tí obìnrin jórinjórin náà ṣí ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn, ṣe ni yàrá náà ṣófo gbáláú. Àpótí tí nọ́ọ̀sì ṣe láti máa mú ìkókó tí oṣù rẹ̀ kò pé móoru kò sí lórí tábìlì mọ́. Ẹ̀rọ tí aṣebàtà fi ń tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà ti pòórá. Ẹ̀rọ tirẹ̀ gan-an, àpótí irin ràgàjì tó ń mú ọkà gbẹ, èyí tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Àgbà, ti lọ. Kìkì eruku irin dúdú ló kù nílẹ̀ níbi tó ti ń dúró.

Ó káwọ́ lérí. Kò tíì rí ohùn fi pariwo tí Atọ́nà, ọ̀gá ilé náà, fi dé ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lánàá?" Atọ́nà béèrè. Ohùn rẹ̀ tutù.

Obìnrin náà mọ ìdáhùn rẹ̀. Ọwọ́ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni.

Ilé Ìdáwọ́lé ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́, kì í sì í ṣe báńkì. Ẹni tó bá ní èrò òwò kan lórí, tí kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò gbà lọ. Atọ́nà tó dá ilé náà sílẹ̀ á bá a wá agbẹjọ́rò, á bá a wá oníbàárà àkọ́kọ́, gbogbo ilé á sì bá a ṣe iṣẹ́ náà bí ẹni pé tiwọn ni. Kí ilé yìí tó dé, àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ agbègbè náà kò mọ ara wọn ju ẹ kú iṣẹ́ lọ. Ìgbà tó dé ni nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá jórinjórin kun irin lọ́dà, tí aṣebàtà ń fi awọ rẹ̀ dí etí àpótí ìkókó. Ká má parọ́, Atọ́nà mọ iṣẹ́ yẹn. Ẹnu rẹ̀ dùn, ó sì ní sùúrù, ìyẹn ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fura sí i.

Ọlọ́pàá dé. Ọ̀gá wọn jẹ́ obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín. Ó ní kí àbúrò jókòó.

"Ìwọ lò ń ṣọ́ ilé yìí?"

"Èmi ni, mà."

"Wọn ò já ilẹ̀kùn. Báwo lolè ṣe wọlé?"

"Mi ò mọ̀, mà. Mo lọ sílé nígbà tí wọ́n ní kí n máa lọ."

"Ta ló ní kí o máa lọ?"

Ọmọkùnrin náà wo Atọ́nà. Atọ́nà mi orí bíi bàbá tí ọmọ dójú tì. "Ọmọ mi," ó ní, "má fà mí wọ̀ ọ́."

Wọ́n mú un lọ. Kí wọ́n tó tì í sínú ọkọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sáré bá a, ó di apá rẹ̀ mú, ó sì bi í léèrè ohun tí kò yẹ kó bi í: "Ṣé ìwọ ni? Sọ òtítọ́ fún mi." Àbúrò rẹ̀ wò ó, ó fa apá rẹ̀ yọ, ó sì wọnú ọkọ̀. Àwọn méjèèjì nìkan ló kù fún ara wọn láyé. Ẹ̀gbọ́n ló tọ́ àbúrò dàgbà látìgbà tí ìyá wọn ti kú.

Láti ọjọ́ náà, nǹkan burú nínú ilé yẹn. Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé báàgì rẹ̀ dání bó bá fẹ́ lọ mumi. Aṣebàtà kì í kí ẹnikẹ́ni mọ́. Ọ̀gá ọlọ́pàá ní wọ́n máa gbé ọmọ náà lọ sí kóòtù bí ọ̀sẹ̀ tuntun bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀wọ̀n ló sì máa ti ibẹ̀ gbà lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Atọ́nà wá bá jórinjórin ní ṣọ́ọ̀bù. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó dí ìmọ́lẹ̀.

"Mo gbọ́ pé ò ń bi àwọn èèyàn ní ìbéèrè kiri."

"Àbúrò mi ló wà látìmọ́lé, sà. Kí ni kí n ṣe?"

"Dákẹ́. Tí o bá dákẹ́, mo lè bá a bẹ ọlọ́pàá." Ó mú irin kan nílẹ̀, ó yí i wò, ó sì rọra gbé e padà. "Tí o kò bá dákẹ́, mo lè rántí pé mo rí i nígbà tó ń kó ẹrù sínú ọkọ̀ akẹ́rù. Ọwọ́ rẹ ló wà."

Ó lọ. Jìnnìjìnnì bo obìnrin náà, àmọ́ inú ń bí i pẹ̀lú. Ẹni tó bá rí olè lóòótọ́ kì í fi ohun tó rí dúnàádúrà. Ó sì ń rò ó pé báwo ni Ìyá Àgbà ṣe máa dénú ọkọ̀ akẹ́rù. Inú yàrá ẹ̀yìn yẹn ni wọ́n ti fi ìtara kàn án mọ́ra látòkè délẹ̀, kò sì sí ọlọ́gbọ́n kankan nínú wọn tó wọn ẹnu ọ̀nà. Ìgbà tí iṣẹ́ parí ni wọ́n rí i pé kò lè jáde. Lọ́jọ́ náà, nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀. Atọ́nà ní kí wọ́n má dààmú, àwọn á wó ògiri lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gbé e jáde. Ògiri ṣì dúró digbí. A jẹ́ pé wọ́n gé e ni. Eruku irin tó rí nílẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá sì gé e, tó fẹ́ kó ṣiṣẹ́, ó di dandan kó wá ẹni tó máa jó o pọ̀.

Ó lọ bá nọ́ọ̀sì àti aṣebàtà.

"Àbúrò rẹ ló kó wa sí wàhálà," aṣebàtà ní.

"Ẹ gbọ́ tèmi ná. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ máa bú mi."

Ó sọ ìhàlẹ̀ Atọ́nà àti ọ̀rọ̀ eruku irin náà fún wọn. Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Ta ló wá lè fẹ́ gé Ìyá Àgbà, bí kì í bá ṣe ẹni tó fẹ́ fi ṣe tiẹ̀?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ tí wọ́n mọ̀ láti ìlú dé ìlú, àwọn tí Atọ́nà fúnra rẹ̀ ti kó wá bẹ̀ wọ́n wò rí. Kò pẹ́ tí bàbá jórinjórin kan ní ìlú kejì fi ránṣẹ́ padà: wọ́n ti bẹ òun níṣẹ́ àpótí irin ńlá kan tí wọ́n gé sí méjì.

"Èmi ni mo máa lọ dípò yín, sà," obìnrin náà bẹ bàbá náà.

Ó lọ sọ ọ́ fún ọ̀gá ọlọ́pàá, òun náà sì gbà láti tẹ̀ lé e. "A máa wà ní ìta," ó ní. "Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ rẹ lóòótọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í jó irin. Tí mo bá ti rí iná ní fèrèsé, mo máa wọlé. Àmọ́ tó bá jẹ́ irọ́ lo pa, ìwọ náà á bá àbúrò rẹ látìmọ́lé."

Ó wọ aṣọ iṣẹ́ bàbá náà, ó de ìbòjú ìjórin mórí, ó sì wọ ilé tí wọ́n ní kí bàbá náà ti wá ṣiṣẹ́. Ìyá Àgbà wà nílẹ̀ lóòótọ́ ní ọ̀nà méjì, wọ́n ti fi ọ̀dà tuntun kùn ún. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni àpótí ìkókó àti ẹ̀rọ bàtà wà. Atọ́nà wà níbẹ̀ nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó ń fi gbogbo rẹ̀ han àwọn àlejò tó fẹ́ rà á.

"Iṣẹ́ ọpọlọ mi ni," ó ń sọ. Lójijì ló yíjú padà. "Ìwọ ta ni? Bàbá yẹn dà?"

"Ẹ̀yìn ń dùn wọ́n, sà."

Atọ́nà dúró sójú kan. Ohùn náà kò ṣàjèjì sí i. "Ṣí ojú ẹ."

Kò ṣí i. Ó fi ọ̀pá ìjórin kan irin, iná ṣẹ́ yọ. Àwọn àlejò bojú, wọ́n sún sẹ́yìn. Kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán wo iná yẹn. Atọ́nà fi apá bo ojú, ó ń pariwo pé kó dúró, kò sì lè sún mọ́ ọn. Obìnrin náà ń jó o lọ. Ọ̀pá náà ń kúrú sí i lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì tíì gbọ́ ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni lẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀pá tán. Iná kú. Atọ́nà fo mọ́ ọn, ó já ìbòjú náà kúrò.

"Ìwọ," ó ní.

Ó di ọrùn rẹ̀ mú, ó tì í mọ́ ògiri. Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn ṣí gbàgà: ọ̀gá ọlọ́pàá ti kọ́kọ́ ní kí wọ́n yí ilé náà ká kó tó wọlé. Atọ́nà fi í sílẹ̀, ó sá gba ọ̀nà ẹ̀yìn, àmọ́ aṣebàtà àti ọlọ́pàá méjì ti dúró dè é níbẹ̀.

"Ta ló ni ẹ̀rọ yìí?" ọ̀gá ọlọ́pàá bi í.

"Èmi ni mo ni ín."

"Kí ló dé tí o fi gé e?"

Awakọ̀ akẹ́rù tí wọ́n rí mú lẹ́yìn ilé ló dáhùn: "Òun ló pè mí, mà. Òun ló fi kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún wa."

Àwọn àlejò ti ń yọ́ jáde níkọ̀ọ̀kan. Atọ́nà fi ojú tẹ̀ lé wọn títí wọ́n fi tán, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Èmi ni mo kó gbogbo wọn jọ," ó ní. "Kí n tó dé, kí ni wọ́n jẹ́? Àwọn tó fẹ́ rà á ò fẹ́ bá èrò rẹpẹtẹ dòwò pọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́."

"Ọmọkùnrin yẹn ńkọ́?"

"Ẹnì kan ní láti rù ú."

Nọ́ọ̀sì wọlé, ó gbá àpótí rẹ̀ mọ́ra, ó sunkún ìdẹ̀ra. Aṣebàtà ń nu ẹ̀rọ tirẹ̀ bí ẹni nu ojú ọmọ. Jórinjórin kò dúró kó ohunkóhun. Àgọ́ ọlọ́pàá ló gbà lọ tààrà.

Wọ́n mú àbúrò rẹ̀ jáde. Ó ti rù, irùngbọ̀n ti hù lójú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ na apá sí i, kò wá síbẹ̀.

"Ọlọ́pàá bi mí, mi ò bínú," ó ní. "Atọ́nà purọ́ mọ́ mi, mi ò bínú. Èyí tí ẹ̀yin bi mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ yẹn ni ò jẹ́ kí n sùn."

Obìnrin náà kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, lójú gbogbo ọlọ́pàá, ó kúnlẹ̀ fún ọmọ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́. "Mo ṣẹ̀ ọ́," ó ní. "Forí jì mí."

Àbúrò rẹ̀ sáré wólẹ̀ níwájú rẹ̀, ó di èjìká rẹ̀ méjèèjì mú, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀bi tí kì í ṣe tèmi ti pọ̀ tó lọ́rùn mi. Ẹ má fi ìkúnlẹ̀ yín kún un."