Àdín Lára Kílọ́ọ̀ṣì

Ẹ má pè é lálọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, bí mo bá sì fi ẹyọ kan kún un, kí ahọ́n mi gan.

Bí wọ́n ṣe ń wọ Agbówà lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ẹ́ńjìnnì mọ́tò Bàbá Fàsásì ń ké bí ẹni ń sáré, àmọ́ táyà ń rìn bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Àjàlá dẹ̀rẹ́bà tẹná mọ́ ọn. Ariwo pọ̀ sí i, ìrìn dín kù. Òórùn awọ jíjó gba imú, bí orí ewúrẹ́ tí wọ́n ń wì. Àjàlá ti wa lọ́rì dé Kánò, ó ti sùn lábẹ́ rẹ̀ nínú òjò, kò rí irú èyí rí: ilẹ̀ tẹ́jú, ẹrù kò sí, ènìyàn méjì péré.

"Kí ló ń ṣe é?" Mùnírátù béèrè láti ẹ̀yìn. Ọmọ ìkẹyìn Bàbá Fàsásì ni. Òwúrọ̀ ni wọ́n ránṣẹ́ sí i ní Ìkòròdú pé kó máa bọ̀ ní Ẹ̀pẹ́, bóyá ni bàbá rẹ̀ á fi rí alẹ́. Mọ́tò àtijọ́ tí Bàbá ní kí Àjàlá bá òun tún ṣe ni wọ́n gbé sọ́nà.

"Kílọ́ọ̀ṣì ni. Awọ tó yẹ kó di ẹ́ńjìnnì mú kí táyà lè yí, kò dì í mú. Ó ń yọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀ọ̀dá Àjàlá, ẹ ṣe é kó dì í mú. Mi ò fẹ́ lọ bá òkú."

Ó páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtíbàbà Ṣẹ̀rífátù tó ń yan gàrí, ó ṣí pákó abẹ́ ẹsẹ̀. Pẹ́dàlì ń padà sókè dáadáa. Sípíríǹgì le. Ó wá fọwọ́ kan awọ náà, èyí tí Bàbá fúnra rẹ̀ gé lára ìgbànú ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ó yẹ kó gbóná bí iná. Ńṣe ló lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ara ènìyàn.

Ó gbóòórùn ìka rẹ̀. Kì í ṣe epo ẹ́ńjìnnì.

"Àdín? Ta ló da àdín síbí?"

Mùnírátù náà gbóòórùn rẹ̀. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Àdín ni wọ́n fi ń para fún Bàbá nílé."

Àjàlá nù ún. Àdín náà tún yọ jáde, bí òógùn.

"Dẹ̀rẹ́bà, kí ló ṣe é?" Ṣẹ̀rífátù béèrè.

"Ó ń yọ̀."

"Mọ́tò ń yọ̀? Ìròyìn ayọ̀ wo ló gbọ́? Ẹ jẹ́ kó máa yọ̀ jàre."

"Màmá, eérú ni mo fẹ́, mi ò fẹ́ ẹ̀fẹ̀."

"Eérú rèé. Má wulẹ̀ dá a padà."

Ó fi bẹntiróòlù fọ awọ náà, ó bu eérú sí i, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ẹ́ńjìnnì ti kú, síbẹ̀ awọ náà gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó sì dákẹ́. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò yé e.

Nígbà tó tún ṣíná mọ́tò, ó fò síwájú.

"Ó ti dì í mú," ni Àjàlá wí.

"Alihamudulilai," ni Mùnírátù wí.

Kò yọ̀ mọ́ títí wọ́n fi dé Ẹ̀pẹ́.

Fàlílátù, ẹ̀gbọ́n Mùnírátù tó ń tọ́jú Bàbá, dìde lẹ́nu ọ̀nà, ó ṣíwájú wọn. Wọ́n tẹ̀ lé e wọlé. Yàrá ń rùn fún bẹntiróòlù.

"Ara wọn ti ń yá," ni Fàlílátù wí jẹ́jẹ́. "Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹnì kan ń di àwọn mú, àwọn ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àfi bí àdín ṣe gbẹ lára wọn lójijì. Ta ló wá fi èyí kàn wọ́n?"

Ó ká aṣọ kúrò lára òkú. Eérú wà ní ìhà Bàbá, ojú àtẹ́lẹwọ́ kan hàn nínú rẹ̀ kedere.

Àjàlá rọra ki ọwọ́ rẹ̀ bọ àpò.

"Kí ni wọ́n sọ kẹ́yìn?" Mùnírátù béèrè.

"Wọ́n ní, 'Ó ti dì mí mú.'"

"Kí ni wọ́n ní?"

"Ó ti dì mí mú."