Ìpara Mẹ́ta Nínú Ike Kan

Nǹkan mẹ́rin ló bàjẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Alọṣọ bó bí ọ̀dà ara ògiri tí omi wọ̀. Abẹ́ ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì ń ta á. Àmì dúdú iwájú orí rẹ̀, èyí tó fẹ́ pa rẹ́, tún fẹ̀ sí i. Ìkẹrin ló wá burú jù: ọjọ́ tí wọ́n máa yan ẹni tí yóò jókòó níbi ìgbàlejò òtẹ́ẹ̀lì kù sí dẹ̀dẹ̀, kò sì sí bó ṣe lè gbé irú ojú bẹ́ẹ̀ síwájú ẹnikẹ́ni.

Aṣọ ibùsùn òtẹ́ẹ̀lì náà ló ń lọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Alọṣọ. Orí ìdúró ló ń bá iṣẹ́ rẹ̀, orí ìdúró náà ló ń fi í sílẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń wú di ìrọ̀lẹ́. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má pè é ní ológe. Kì í ṣe ẹwà ló ń wá. Àga ló ń wá.

Ọ̀gá yàrá ìfọṣọ, obìnrin tó ń pín iṣẹ́ fún wọn, ló fa ọ̀rọ̀ náà.

“Alọṣọ, iṣẹ́ ìgbàlejò yẹ ọ́, ẹnu rẹ dùn,” ló wí. “Àmọ́ ojú rẹ ti rẹ̀ jù. Àlejò wo ló máa rí ojú yìí tí kò ní rò pé èèyàn kì í rí oorun sùn ní òtẹ́ẹ̀lì wa?”

Ló bá ṣí báàgì. Ike mẹ́ta ló kó jáde.

“Èyí ń fún ara lómi. Èyí ń mú ojú dán. Ẹ̀kẹta yìí ló ń jẹ́ kí méjèèjì yára.”

Àkọlé wà lára méjì àkọ́kọ́. Ẹ̀kẹta kò ní nǹkan kan lára, ó mọ́ roro bí àwo tí ajá lá. Gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sì mọ̀ pé ẹni tí kò bá rajà lọ́wọ́ Ọ̀gá, òkìtì aṣọ tó ga jù ni yóò bá lórí tábìlì rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Alọṣọ ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Bó ṣe ń ti ibi iṣẹ́ dé, bíbọ́ bàtà pàápàá di iṣẹ́ sí i lọ́rùn. Ta ló fẹ́ máa fi ìpara lé ìpara? Ó po gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ike kan, ó ń bù ú kun ojú.

Nígbà tí ojú bó tán, ó kó ike mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dání, ó gba ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ ní ìrọ̀lẹ́. Apoògùn ni ẹ̀gbọ́n náà. Òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé àpótí.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo.”

“Ariwo wo? Ẹnu tí mo ti fi ṣàlàyé oògùn látàárọ̀, ṣé ó kù tí màá fi pariwo ni?” Ó wò ó. “Yéè! Kí lo fi para?”

“Ìpara mẹ́ta ni. Mo pò wọ́n pọ̀.”

“O pò wọ́n bí ẹni po sìmẹ́ńtì?”

“Ó rẹ̀ mí ni. Ẹ̀rọ wa níbi iṣẹ́ ńkọ́? Ọṣẹ, oògùn tó ń mú aṣọ funfun, èyí tó ń mú un rọ̀, inú ẹ̀rọ kan náà là ń dà wọ́n sí. Aṣọ á funfun, á sì rọ̀.”

“Bí aṣọ òtẹ́ẹ̀lì bá ya, wọ́n á ra òmíràn. Ta ni yóò ra ojú mìíràn fún ọ?”

Alọṣọ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò gbà fún un. Ó sún ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà sórí àpótí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n gbé ike méjì àkọ́kọ́, ó ka ara wọn. “Ìwọ̀nyí kò burú. Gilisirínì wà nínú èyí, ó ń fa omi sí awọ. Náyásínámáìdì wà nínú èkejì, ọ̀kan lára ìdílé fítámì B ni, ó ń mú àmì dúdú ṣá díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Awọ tó bá lómi nínú máa ń gba oògùn ìmúdán láìjẹ̀rora púpọ̀. Èyí tó ṣàn ni kó ṣáájú, nígbà tí ojú ṣì tutù. Èyí tó ki ni kó tẹ̀ lé e. Tí ilẹ̀ bá mọ́, kí o fi ìpara tó ń dènà oòrùn lé e. Láìsí ìyẹn, agbọ̀n lo fi ń pọnmi.”

“Ẹ̀kẹta ńkọ́?”

“Ta ló ṣe é?”

“Kò sí lára ike.”

“Kí ló wà nínú rẹ̀?”

“Kò sí lára ike.”

“Nígbà náà, èmi náà ò lè mọ̀. Nínú irú rẹ̀, ó lè jẹ́ oògùn tó ń bóra, ó lè jẹ́ mẹ́kúrì tó ń ba kíndìnrín jẹ́, ó lè jẹ́ oògùn líle tí dókítà nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti ní ká lò.”

“Ó sì tètè ṣiṣẹ́ lákọ̀ọ́kọ́ o.”

“Iná náà máa ń tètè ṣiṣẹ́. Fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Lọ bá dókítà awọ lọ́la, kí o mú ike náà dání.”

“Ṣé màá ṣì rí àga náà gbà?”

Ẹ̀gbọ́n kò parọ́ fún un. “Mi ò mọ̀. Ta ló tà á fún ọ?”

“Ọ̀gá wa.”

“Ẹni tó ń pín iṣẹ́ fún ọ ló tún ń ta ìpara fún ọ?” Ẹ̀gbọ́n sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ kúrò lórí àpótí.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ohun tí dókítà tún sọ fún Alọṣọ lọ́jọ́ kejì nìyí, ti gbogbo wa sì ni. Ẹ má po ìpara pọ̀ fúnra yín. Ẹ má ra èyí tí kò ní àkọlé, ì báà jẹ́ ọba ló tà á. Ọ̀kan ni kí ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ dán an wò ní inú apá kó tó kan ojú, kí ẹ tó fi òmíràn kún un. Bó bá ń ta yín, ẹ má ṣe rò pé ó ń ṣiṣẹ́ ni. Jíjó ló ń jó yín. Ìmúdán kì í sì í ṣe ìbóra: àmì ni à ń pa rẹ́, a kì í pa àwọ̀ ara rẹ́.

Nígbà tí Alọṣọ padà dé yàrá ìfọṣọ, ooru áyọ̀ọ̀nù ń gbá a lójú. Ó rí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ obìnrin tó ń ká aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti ń pọ́n. Ọ̀gá wọlé, báàgì wà ní apá rẹ̀.

“Háà, Alọṣọ! Ìlòkulò lo lò ó o!”

Alọṣọ gbé áyọ̀ọ̀nù nàró. Ó gbé ike kẹta sórí aṣọ funfun tó wà níwájú rẹ̀. Iṣẹ́ dáwọ́ dúró.

“Ọ̀gá, mi ò bá yín jà, ó ti rẹ̀ mí kọjá ìjà. Mo pò ó, ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Mo ṣì fẹ́ àga náà, ojú tí ìyá mi bí mọ́ mi ni màá sì fi jókòó sí i. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ tà á. Kí ẹ tó ta ẹyọ kan sí i fún ẹnikẹ́ni nínú yàrá yìí, ẹ sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún wa. Ẹ sọ ọ́ báyìí.”