Ọkùnrin Tó Ń Ké Bí Òkú

Ojú dídì ni Ẹ̀ga kọ́kọ́ bá ọkùnrin náà. Ó dúró nídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, nínú yàrá tí wọ́n fi tìmùtìmù bo ògiri rẹ̀ kí ariwo ìta má baà wọlé. Ó gbé ọ̀fun sókè, ohùn kan sì ń ti inú rẹ̀ jáde tí ó mú kí ara Ẹ̀ga bù máṣọ: ohùn ẹni tí erùpẹ̀ kún lẹ́nu, tí kò sì gbà láti dákẹ́.

Nígbà tí ó lajú, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, àǹtí. Òkú ni mí láti àárọ̀."

"Ẹ kú iṣẹ́ òkú o," ni Ẹ̀ga dá a lóhùn. "Ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀, alààyè ń bọ̀."

Fíìmù àwọn ará Kòríà kan ni wọ́n ń fi ohùn Yorùbá sí. Àjàkálẹ̀ àrùn mú kí òkú máa rìn kiri, àwọn tí ó ṣẹ́kù sì há sínú ilé gogoro kan. Ẹ̀ga ni ohùn ọmọbìnrin tí ó là á já. Gbogbo òkú inú rẹ̀ pátá, ọkùnrin yìí nìkan ni. Ọ̀gá Òkú ni wọ́n ń pè é. Bí ó bá ti fi igbe lé Ẹ̀ga kiri tán, òun náà ni yóò bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún un kí ọ̀fun rẹ̀ má baà gbẹ. Báyìí ni ọkàn àwọn méjèèjì ṣe wọnú ara wọn.

Ṣùgbọ́n opó ni ìyá Ẹ̀ga, ikú ọkọ rẹ̀ kò sì tíì pẹ́. Nígbà tí Ẹ̀ga sọ fún un pé òun ti rí ẹni tí òun fẹ́ fẹ́, ó bi í léèrè:

"Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

"Ó ń ké bí òkú, Mà."

"Ó ń ṣe kín ni?" Ìyá dìde dúró. "Ẹni tó ń fi òkú ṣe yẹ̀yẹ́ kò ní wọ ilé mi!"

Ẹ̀ga kò jẹ́ fẹ́ ẹni tí ìyá rẹ̀ kọ̀. Omijé ni ó fi ròyìn fún Ọ̀gá Òkú.

"Ẹyẹ mi, bẹ Màmá kí wọ́n wá wo fíìmù náà," ni ó wí. "Bí wọ́n bá ṣì ní kí n lọ, màá lọ."

Ìyá jókòó sínú sinimá, ó gbé àpamọ́wọ́ lé itan bí ẹni tí kò ní pẹ́.

"Ṣé òun nìyẹn?"

"Òun ni, Mà."

"Èyí tó ń jẹ èèyàn yẹn ńkọ́?"

"Òun náà ni."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

Nígbà náà ni bàbá kan tí ó ti kú nínú fíìmù náà dé ẹnu ọ̀nà yàrá ọmọ rẹ̀. Kò lu ilẹ̀kùn. Ó fi iwájú orí tì í, ó sì ń wá orúkọ ọmọ náà lẹ́nu ara rẹ̀. Yóò mú ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, yóò já bọ́, yóò tún mú un. Òtútù kan rìn gba inú gbọ̀ngàn kọjá. Ìyá di ọwọ́ Ẹ̀ga mú.

"Ohùn bàbá rẹ nìyẹn, lórí àìsàn," ni ó sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Mo sá kúrò nínú yàrá. Mo rò pé kì í ṣe òun mọ́."

Nígbà tí fíìmù parí, lórí àtẹ̀gùn ìta tí Ọ̀gá Òkú ti ń dúró dè wọ́n, Ìyá kojú ọkùnrin náà. "Níbo lo ti kọ́ ohùn yẹn?"

"Lẹ́nu ìyá mi, Mà. Ẹ̀gbà mú ahọ́n wọn. Mo jókòó tì wọ́n títí mo fi gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí."

"Kí ni wọ́n ń wí?"

"Wọ́n ń bèèrè bóyá mo ti jẹun."

Ìyá gbé ojú sílẹ̀. "Ọkọ mi ńkọ́? Kí ló ń wí fún mi?"

Irọ́ dídùn kan péré ì bá parí ọ̀rọ̀.

"N kò mọ̀, Mà. N kò sí níbẹ̀."

Ìyá sún mọ́ ọn. "Bí ahọ́n tèmi náà bá wúwo lọ́jọ́ kan, ṣé wàá jókòó?"

"Màá jókòó, Mà."

Ìyá mú ọwọ́ Ẹ̀ga, ó fi lé ọkùnrin náà lọ́wọ́. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

Lẹ́yìn wọn, láti inú gbọ̀ngàn kejì tí àwọn òǹwòran mìíràn ti ń wo fíìmù kan náà, òkú náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọmọ rẹ̀. Ìyá dúró gbọ́ ọ tán kí ó tó sọ̀ kalẹ̀.