Èéfín Òkè, Èéfín Ilé-Iṣẹ́

"Kà á sókè kí n gbọ́," ni Ọ̀gbẹ́ni Sàlàkọ́ wí, ó ti ìwé kan síwájú Àdìzát lórí tábìlì ọ̀gá ilé-ìwé.

Àdìzát kà á. "Èéfín tí òkè ayọnáyèéfín kan ṣoṣo ń tú jáde lọ́jọ́ kan pọ̀ ju ti ilé-iṣẹ́ wa fún ọdún mẹ́wàá lọ. Òkè ló ń ba ìpele ósóònù jẹ́, kì í ṣe àwa."

Agbẹnusọ ilé-iṣẹ́ kan tó ń yọ́ irin àlòkù ní Ilo-Awela l'Ọ́tà ni Sàlàkọ́. Kọ̀ǹpútà alágbèéká ni wọ́n fẹ́ fún ọmọ tó bá ka ìwé náà. Àdìzát ló mọ Jọ́gíráfì jù ní SS2, ó sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kù díẹ̀ káàtó. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti wọ kọ̀ǹpútà náà. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó kà á níwájú gbogbo ilé-ìwé. Wọ́n pàtẹ́wọ́, Sàlàkọ́ ya fídíò rẹ̀, ó sì gbé kọ̀ǹpútà náà lé e lọ́wọ́.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Àdìzát sin ìyá rẹ̀ lọ sí ìpàdé àdúgbò. Àwọn aṣojú ìjọba ìbílẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí èéfín ilé-iṣẹ́ náà ti ń sọ aṣọ tí wọ́n sá di dúdú, ó sì ń dí àwọn èèyàn láyà. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ìyá rẹ̀ ti ń wúkọ́. Sàlàkọ́, tó wá gbèjà ilé-iṣẹ́ rẹ̀, gbé fóònù rẹ̀ sókè. Ohùn Àdìzát ló jáde níbẹ̀.

"Ọmọ yín nìyẹn," ló wí. "Ó mọ̀wé jù yín lọ."

Ìyá Àdìzát fi ìborùn bo ẹnu, ó ń wúkọ́.

Inú bí Àdìzát sí ọkùnrin náà, ó bí i sí ara rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dìde.

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni mo kà. Lóòótọ́, bí òkè ayọnáyèéfín ńlá bá bú, ó máa ń ju imí-ọjọ́ sókè kọjá ìkùukùu. Á di ẹ̀kán omi kíkan tín-ín-tìn-ìn-tín, á sì wà níbẹ̀ bí ọdún kan tàbí méjì. Ara ẹ̀kán yẹn ni kẹ́míkà tí àwa èèyàn fúnra wa ti tú sófuurufú ti ń rí agbára láti jẹ ósóònù tó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ oòrùn. Ṣùgbọ́n kò sí òkè bẹ́ẹ̀ l'Ọ́tà. Èéfín tiwọn kì í lọ sókè ọ̀hún, imú wa ló ń wọ̀. Ikọ́ ìyá mi ò ti ọ̀dọ̀ òkè kankan wá."

"Ta ló kọ́ ẹ ní gbogbo èyí?" ni Sàlàkọ́ fi ìbínú bi í.

"Ìwé Jọ́gíráfì wa ni, sà. Èyí tí mo kà lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n wá gba kọ̀ǹpútà wọn. Fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀gá ilé-ìwé kò dáhùn ìkíni rẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ rán àwọn tó máa wọn èéfín náà wá, wọ́n sì fún ilé-iṣẹ́ náà ní oṣù mẹ́ta kó fi asẹ́ sí ẹnu ọ̀pá èéfín rẹ̀.

"Má yá ẹnikẹ́ni ní ẹnu rẹ mọ́," ni ìyá rẹ̀ sọ fún un.

Àdìzát gbà pé òun jẹ̀bi. Ó ti wá yé e pé ẹni tó mọ òótọ́, tó sọ àbọ̀ rẹ̀ nítorí ẹ̀bùn, irọ́ ló pa, àwọn ènìyàn rẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ jìyà rẹ̀.