Ibi tí Ohùn Triinu Yẹ Kó Wà

"Ẹ bọ́ bàtà, ẹ kó fóònù sínú apẹ̀rẹ̀!" Urmas, ọ̀gá tó ń gba orin sílẹ̀, pariwo láti ẹ̀yìn gíláàsì. "Ilẹ̀ pákó yìí ń ké ju ẹ̀yin akọrin lọ!"

Ẹgbẹ́ akọrin ọ̀dọ́ ìjọ náà rẹ́rìn-ín. Ìbọ̀sẹ̀ nìkan ni wọ́n fi wọ yàrá ìgbohùnsílẹ̀ náà, ní àárín ìlú Tallinn. Ṣùgbọ́n Kirke ń retí èsì kan látọ̀dọ̀ ọmọkùnrin kan. Ó pa dídún fóònù rẹ̀, ó sì tì í bọ àpò. Ta ni yóò mọ̀?

Iná pupa tàn. Triinu, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, ló ń dá orin. Òtútù ti ń bá a jà, síbẹ̀ ohùn rẹ̀ mọ́ gaara bí omi ìsun. Níbi tí orin náà ti dùn jù, fóònù gbọ̀n lápò Kirke: grrr!

"Ta ló kó oyin sápò?" Urmas bínú. "Ariwo yìí kò ṣe é yọ kúrò nínú orin. Ẹ tún un kọ."

Gbogbo ojú yí sí Rasmus, aláwàdà ẹgbẹ́.

"Èmi kọ́! Fóònù mi wà nínú apẹ̀rẹ̀!"

"Ṣebí méjì lo ní," Àǹtí Helve, adarí wọn, dáhùn. "Jáde."

"Àbí kí n bọ́ ṣòkòtò kẹ́ ẹ tó gbà?"

Ẹnì kankan ò rẹ́rìn-ín. Kirke tẹjú mọ́ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí Triinu tún un kọ, ohùn rẹ̀ há. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i; èémí lásán ló jáde.

"Kirke, ìwọ náà mọ̀ ọ́n," Àǹtí Helve mí kanlẹ̀. "Bọ́ síwájú."

Ipò tó ti ń wù ú tipẹ́ nìyí. Ó dúró nídìí máìkì. Lẹ́yìn gíláàsì, Rasmus ń so okùn bàtà, ó ń fi apá ẹ̀wù nu ojú. Triinu sọ ọ́ ní jẹ́jẹ́ pé, "Bá mi kọ ọ́ dáadáa, ọ̀rẹ́ mi."

Ọ̀rọ̀ náà gún Kirke lọ́kàn. Báwo ni ẹnu tó fi òtítọ́ pamọ́ ṣe fẹ́ yin Ọlọ́run? Ó yọ fóònù jáde.

"Èmi ni. Rasmus ò mọwọ́ mẹsẹ̀."

Ó sáré jáde lọ bẹ̀ ẹ́.

"Mo ti gbọ́," Rasmus dáhùn. "Ṣùgbọ́n ìwọ lo máa ṣàlàyé fún màámi. Mo ti pè wọ́n pé wọ́n lé mi jáde."

Triinu náà dárí jì í, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò padà lọ́jọ́ náà, Kirke kò sì kọ ọ́ dípò rẹ̀ mọ́; àwọn akọrin mìíràn sì ti ń dúró láti wọlé. Nínú rẹ́kọ́ọ̀dù náà, níbi tó yẹ kí Triinu ti kọrin, dùùrù nìkan ló ń dún. Bí Kirke bá ti gbọ́ ọ, á sorí kọ́.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọlọ́run a máa dárí ji ẹni tó bá jẹ́wọ́, ẹ̀yin ọ̀dọ́, àmọ́ ẹ tètè jẹ́wọ́, kí ẹlòmíràn má baà ru ẹ̀bi yín.