Lẹ́tà Tí Ẹ̀rọ Kò Gbà Gbọ́

Aṣọ nọ́ọ̀sì funfun ni obìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà náà kọ́kọ́ rí. Ó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí tábìlì òun fúnra rẹ̀ fi wá dà bí ohun tí wọn ò nù rí. Lẹ́yìn náà ló rí ojú ọkùnrin tó wọ̀ ọ́, ojú ẹni tó ń bínú ṣùgbọ́n tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé.

"Ẹ káàsán, mà. Wọ́n ní ẹ sọ pé ẹ̀rọ ló bá mi kọ iṣẹ́ mi."

Ọlọ́pàá Ìwé ni gbogbo ilé ìwé nọ́ọ̀sì náà ń pe obìnrin yìí. Iṣẹ́ yòówù tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ, inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló ń gbà kọjá, kọ̀ǹpútà á sì sọ bóyá ènìyàn ló kọ ọ́ tàbí ẹ̀rọ; èyí tó bá pè ní ti ẹ̀rọ, á kùn ún ní pupa. Ti ọkùnrin yìí pupa fòò látòkè délẹ̀.

"Èmi kọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀, sà. Kọ̀ǹpútà ni."

"Ṣé kọ̀ǹpútà ọ̀hún wà níbẹ̀ nígbà tí mò ń kọ ọ́ ni?"

Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa Ọlọ́pàá Ìwé, ó gbé e mì. Ó fún un ní bébà àti bírò, ó ní kó jókòó lójú òun, kó kọ nípa ìtọ́jú egbò. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ láìgbórí sókè. Nígbà tó parí, bákan náà gẹ́lẹ́ ló rí: gbólóhùn kúkúrú tẹ̀ lé kúkúrú, gbogbo wọn dọ́gba. Ó ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì kó tó padà wá kàwé sí i; ọdún mọ́kànlá ló ti ń kọ ìròyìn aláìsàn sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti mọ́ ọn lára.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé?"

"Kò sẹ́ni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ nílé, mà."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka ìgbóná ara aláìsàn. Ọlọ́pàá Ìwé fọwọ́ sí i pé kò jẹ̀bi, ọkàn rẹ̀ sì bá a jáde.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Nọ́ọ̀sì mú búrẹ́dì gbígbóná wá dúpẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kò rí ohun tó fẹ́ dúpẹ́ fún mọ́, síbẹ̀ ó wá. Kò pẹ́ tí "mà" fi di "olùfẹ́ mi". Ní oṣù kẹrin, Nọ́ọ̀sì fi lẹ́tà kan sórí tábìlì Ọlọ́pàá Ìwé, ó sì sá lọ bí ẹni tó jí nǹkan.

"Mo máa ń rò ọ́ láàárọ̀. Mo máa ń rò ọ́ lọ́sàn-án. Inú mi dùn pé o wà. Ibi tí o bá wà ni mo fẹ́ wà."

Obìnrin náà kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ló bá ṣe ohun tí ẹlòmíràn ò ní ṣe, àfi ẹni tó wà nídìí irú iṣẹ́ rẹ̀: ó tẹ lẹ́tà náà sínú kọ̀ǹpútà. Pupa fòò. Ibẹ̀ ló ń wò nígbà tí Nọ́ọ̀sì padà wá mú agboòrùn tó gbàgbé, tó sì rí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lójú ẹ̀rọ.

"Ẹ ṣeun, mà," ló wí, ó sì lọ.

"Mà" yẹn dun obìnrin náà ju èébú lọ. Fún ọjọ́ mẹ́wàá, Nọ́ọ̀sì kò gbé ìpè rẹ̀. Obìnrin náà lọ sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó mirí.

"Ọkùnrin ń bẹ láàyè, ó lẹ́nu, o ò bi í. Ẹ̀rọ lo lọ bi."

"Mo mọ̀ pé mo ṣe àṣìṣe, Màmá."

"Èmi lo ṣẹ̀ ni? Gbéra ńlẹ̀, jàre."

Ní wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn ló ti bá Nọ́ọ̀sì, tó ń fi síbí bu tíì sí bàbá arúgbó kan lẹ́nu. Ó rí i, kò dẹ́kun iṣẹ́ rẹ̀.

"Kí ló dé tó o fi yẹ̀ mí wò?"

Obìnrin náà ti to àwíjàre sílẹ̀ lójú ọ̀nà, gbogbo rẹ̀ fò lọ.

"Ẹ̀rù ló bà mí. Kò sẹ́ni tó kọ irú ẹ̀ sí mi rí. Mo rò pé kò lè jẹ́ èmi lò ń bá wí. Má bínú, olówó orí mi."

Bàbá arúgbó mú ẹnu kúrò lára síbí. "Olówó orí kẹ̀? Ṣé ẹ ti ṣègbéyàwó ni?"

"A ò tíì ṣe é, bàbá." Nọ́ọ̀sì gbé ife sílẹ̀, ó kọjú sí obìnrin náà. "Ìwọ ni mò ń bá wí. Ìwọ nìkan. Mo fẹ́ fi ọ́ ṣaya."

Omi bọ́ lójú Ọlọ́pàá Ìwé, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Obìnrin tí kì í gba ìwé ẹnikẹ́ni láìyẹ̀ ẹ́ wò gba ọ̀rọ̀ náà bó ṣe jáde lẹ́nu Nọ́ọ̀sì.